Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lẹ́ Lẹ́nu Olùkọ́ tí í ṣe Onígbàgbọ́

Bí a bá ní kí onígbàgbọ́ kan ka àwọn iṣẹ́ tí Olúwa fi lé e lọ́wọ́, kò ní pẹ́ kí ó tó dárúkọ àdúrà, Bíbélì kíkà, lílọ sí ilé ìsìn, ìtọrẹ àánú àti ìwàásù. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí á tó gbọ́ kí ẹnìkan ka ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ wọn, àní ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tí à ń sọ sí ọmọdé, sí alájàpá, sí atukọ̀ àti sí ẹni tí ó ṣẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni Jákọ́bù, ní orí kẹta ìwé rẹ̀, fi ahọ́n wé ìtọ́kọ̀ kékeré tí ń darí ọkọ̀ ńlá nínú ìjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ rí ní èbúté Ìgbókọ̀dá kò ní kí á túmọ̀ òwe yìí fún òun. Bí ìtọ́kọ̀ bá yà, gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni yóò yà pẹ̀lú rẹ̀, àti ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun mẹ́ta: èkíní, ohun tí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe, èkejì, ìdí tí kì í fi í ṣe ọ̀ràn kékeré, pàápàá ní irú ìlú bí Ìgbókọ̀dá, ẹ̀kẹta, bí àwa tí a ó di olùkọ́ ṣe lè fi í ṣe ìwà nínú kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ìpọ́nni. Ẹni tí ń pọ́nni ń wá ohun tí yóò rí gbà. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ń wá ire ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe irọ́. Bí ìṣirò ọmọ kò bá tọ́, olùkọ́ tí ó sọ fún un pé ó tọ́ kò ṣe é lóore, nítorí ní ọjọ́ ìdánwò ni ọmọ náà yóò mọ̀ pé a tan òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí ó dákẹ́ nígbà tí a ń rẹ́ aláìlágbára jẹ kò lè pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ìwà pẹ̀lẹ́. Kì í tilẹ̀ í ṣe ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan, nítorí ènìyàn lè fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó mú bí abẹ. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni òtítọ́ tí a sọ lọ́nà tí ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò fi lè gbà á, tí iyì rẹ̀ kò sì ní ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ nítorí pé ó gbà á.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ jẹ́ kí á kíyèsí i pé ẹnìkan náà ni ó gbé àpò obì kọ́ èjìká, tí ó sì gbé apó ọfà kọ́ ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kan jẹ́ ẹni obì, tí àwọn mìíràn sì jẹ́ ẹni ọfà. Ohun méjèèjì wà lára gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sí ọmọnìkejì wa ni yóò pinnu èyí tí yóò mú jáde fún wa.

Ìwé Àwọn Onídàájọ́ fi ọ̀ràn yìí hàn nínú ìtàn méjì tí ó jọra bí ìbejì. Ní orí kẹjọ, Gídíónì ti lé ogun Mídíánì lọ tán, nígbà tí àwọn ará Éfúráímù tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ìbínú, tí wọ́n ń bi í léèrè ìdí tí kò fi pe àwọn nígbà tí ó ń lọ sógun. Gídíónì kò bá wọn jiyàn. Ó bi wọ́n pé kí ni òun ṣe tí a lè fi wé tiwọn, nígbà tí ó jẹ́ àwọn gan-an ni wọ́n mú Órébù àti Séébù, àwọn ọmọ aládé Mídíánì. Ó sì fi òwe àwọn olóko àjàrà kún un, pé èéṣẹ́ tí Éfúráímù ń ṣà dára ju gbogbo ìkórè ìdílé òun lọ. Inú wọn sì rọ̀.

Ní orí kejìlá, Éfúráímù kan náà tún gbé ẹjọ́ kan náà tọ Jẹ́fútà wá lẹ́yìn tí ó ti ṣẹ́gun àwọn ará Ámónì. Lóòótọ́, ẹnu wọn kò dára, nítorí wọ́n ní àwọn yóò sun ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Wọ́n sì tún fi àwọn ará Gílíádì ṣẹ̀sín pé ìsáǹsá lásán ni wọ́n. Jẹ́fútà dáhùn pé òun ti ké pè wọ́n nígbà tí ìyọnu dé, wọn kò sì wá gba òun. Lẹ́yìn èyí ó kó ogun jọ. Àwọn ará Gílíádì gba gbogbo ibi tí a ń gbà la odò Jọ́dánì kọjá, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ kọjá ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó wí pé Ṣíbólẹ́tì. Ahọ́n àwọn ará Éfúráímù kò lè pe ṣ; Síbólẹ́tì ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni a sì ń pa wọ́n sí. Bíbélì sọ pé 42,000 ni ó kú nígbà náà.

Ó yẹ kí ìtàn yìí wọ àwa Yorùbá lára ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ìyàtọ̀ s àti ṣ ń bẹ láàrín wa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ a máa pe ṣ bí s, àwa yòókù a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀rín lọ́dọ̀ wa ni ó jẹ́ ikú ní etí Jọ́dánì.

Kí ni ó yà Gídíónì sọ́tọ̀ kúrò lára Jẹ́fútà? A kò lè sọ pé Gídíónì purọ́, nítorí lóòótọ́ ni Éfúráímù mú àwọn ọmọ aládé náà. A kò sì sọ pé Jẹ́fútà purọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òtítọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ó bu ọlá fún ẹni tí ń bínú ni Gídíónì kọ́kọ́ mú jáde. Jẹ́fútà mú èyí tí ó dá a lẹ́bi. Èyí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ. Òtítọ́ tí ó wà lápò ẹnìkọ̀ọ̀kan wa kò mọ ní ẹyọ kan. Ìfẹ́ ni yóò kọ́ wa ní èyí tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ, àti ìgbà tí ó yẹ kí á sọ èyí tí ó kù.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ọ̀ràn náà wá sí ilé. Ìgbókọ̀dá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí a dá sílẹ̀ ní 1996, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìlú èbúté ni. Ẹni tí ó bá wá láti Òkìtìpupa yóò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níbẹ̀, yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn ìletò tí ó wà létí òkun. Ibẹ̀ ni àwọn Ìlàjẹ ti Ùgbò àti ti Màhín ń gbé ẹja yíyan àti edé wá, tí àwọn Ìkálẹ̀ ń gbé iṣu àti gàrí wá, tí àwọn Ìjọ̀ ti Àrógbò àti àwọn àjòjì mìíràn sì ń ná ọjà pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ ahọ́n ni ó ń pàdé ní etí omi kan ṣoṣo. Nínú ọkọ̀, èjìká ń kan èjìká, ẹrù ń kan ẹsẹ̀. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ ìjà lè rìn kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ́ sílẹ̀ láàrín odò, kò sí ibi tí a ó yà sí. Nítorí náà ni àgbàlagbà inú ọkọ̀ fi máa ń tètè pẹ̀tù sí aáwọ̀ kí ó tó le.

Ṣùgbọ́n aáwọ̀ kan wà tí a kò rí pẹ̀tù sí ní àkókò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ ti Àrógbò, ó sì wọ inú ọdún 1999. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì, a sun àwọn ìletò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá fi ilé baba wọn sílẹ̀. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni, àti ti epo rọ̀bì tí ó wà nínú rẹ̀. A kò wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó dá ogun náà sílẹ̀, a kò sì fẹ́ dá ìhà kan lẹ́bi nínú àròkọ yìí. Ohun tí à ń sọ ni pé kò rọrùn fún ènìyàn láti fi iná sí ilé ẹni tí ó ń pè ní ará mi. Ó di ìgbà tí a bá ti kọ́kọ́ fi orúkọ ẹ̀gàn rọ́pò orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Éfúráímù ti pe Gílíádì ní ìsáǹsá. Ogun náà ti parí, àwọn tí wọ́n jà sì tún ń rí ara wọn ní ọjà. Ọmọ wọn sì lè jókòó sórí àga kan náà ní iwájú olùkọ́ kan náà. Bí ọmọ kan bá fi orúkọ ẹ̀gàn pe ìran ọmọ kejì, tí olùkọ́ sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ti di ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ yóò sì rántí rẹ̀ pẹ́ ju ìṣirò ọjọ́ náà lọ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí olùkọ́ lè gbà ṣe ibi láìmọ̀, èyí sì ni gbígan èdè tí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó dé kíláàsì bá Yorùbá inú ìwé pàdé, ó sì rí i pé kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ilé. Ní ilé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni a máa ń fi u bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìlú Ùgbò fúnra rẹ̀. Ní ilé, ìró kan wà tí a ń kọ ní gh, èyí tí kò sí nínú Yorùbá inú ìwé rárá. Bí ọmọ náà bá mú ìwọ̀nyí wá sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ kan a máa sọ pé èdè rẹ̀ bàjẹ́.

Èdè rẹ̀ kò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí á rántí bí Yorùbá inú ìwé ti ṣe dé. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Freetown, wọ́n sì mú un wá sí Abẹ́òkúta àti Èkó. Èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ kà. Ní 1875 wọ́n pàdé ní Èkó láti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́, nígbà tí ó sì di 1884, odindi Bíbélì ti jáde ní Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń jẹ èso rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n yíyàn ni ó jẹ́. Kì í ṣe ìdájọ́ lórí èdè àwọn tí a kò yàn. Ká ní etí òkun Ìlàjẹ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni, bóyá ọmọ Ọ̀yọ́ ni à bá máa sọ fún lónìí pé èdè rẹ̀ kò pé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè tilẹ̀ gbà pé ìró àtijọ́ ni gh yìí, èyí tí èdè Ọ̀yọ́ ti sọ nù tí àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn sì ti pa mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó pa wá lẹ́nu mọ́ jù lọ ni ti Olúwa wa fúnra rẹ̀. Ní Násárétì ti Gálílì ni a ti tọ́ ọ dàgbà, àwọn apẹja Gálílì ni ó sì kọ́kọ́ pè. Ní òru tí a mú un, nígbà tí Pétérù ń yá iná nínú àgbàlá olórí àlùfáà, àwọn tí ó dúró níbẹ̀ wí pé ara àwọn ọmọ-ẹ̀yìn náà ni ó jẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ ń fi í hàn. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ìyè kọ́kọ́ dé Jerúsálẹ́mù ní ẹnu àwọn apẹja tí ohùn wọn yàtọ̀. Ẹni tí ń fi ohùn ọmọ apẹja ṣẹ̀sín kò mọ ẹni tí ì bá fi ṣẹ̀sín bí ó bá wà ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ náà.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí a ti lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni, a rí ọmọbìnrin kan tí ó wá láti ìletò apẹja. Ó dìde láti kàwé. Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ti ń pè é nílé. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ sì sín in jẹ. Láti ọjọ́ náà, bí a bá pè é, yóò dìde, yóò sì dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, olùkọ́ mìíràn gba kíláàsì náà. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó fa ìlà sí àárín pátákó ìkọ̀wé, ó kọ "Ilé" sí apá kan àti "Ìwé" sí apá kejì. Ó ní òun kò mọ orúkọ àwọn ẹja àti àwọ̀n, ó sì bẹ ọmọbìnrin náà pé kí ó kọ́ òun. Ọmọ náà dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíláàsì sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó nawọ́ fúnra rẹ̀ láti kàwé. Ohùn rẹ̀ kò tíì ga, ṣùgbọ́n ó kà á dé òpin.

Ohun tí olùkọ́ yìí ṣe kò ṣàjèjì sí Ìhìnrere. Nígbà tí Olúwa fẹ́ bá obìnrin ará Samáríà sọ̀rọ̀ létí kànga, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Omi mímu ni ó tọrọ. Àwọn ará etí òkun, tí omi yí ká ṣùgbọ́n tí iyọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n mu gbogbo rẹ̀, mọ ohun tí ó jẹ́ láti tọrọ omi lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí a tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ẹni tí ó ní nǹkan láti fi fúnni. Lẹ́yìn èyí ni Olúwa tó sọ òtítọ́ tí ó le fún un, ó sì lè gbà á.

Ẹnìkan lè wí pé irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò sọ òtítọ́ di aláìlágbára. Ẹ jẹ́ kí á wo Samuel Àjàyí Crowther. Òṣogùn ni a bí i sí ní nǹkan bí 1809. A kó o lẹ́rú ní 1821, a gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti máa fi ìbínú sọ̀rọ̀, òun ni. Ní 1872, ó wà ní ààfin Ẹ́mírì Ìlọrin, àwọn Mùsùlùmí sì ń bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò fi ìgbàgbọ́ wọn ṣẹ̀sín, kò sì bá wọn ṣe àríyànjiyàn. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó ṣí, ó sì ń ka ibi tí ó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún wọn, wọ́n sì fi sùúrù gbọ́ ọ. Kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú ohun tí ó gbàgbọ́. Àwọn tí ó gbọ́ ọ kò sì rí ìdí láti yọ ọfà lápó.

Báwo ni àwa ó ṣe máa ṣe èyí nínú iṣẹ́ wa? Èkíní, ẹ jẹ́ kí á máa bá àṣìṣe wí, kí á má ṣe bá ọmọ wí bí ẹni pé òun ni àṣìṣe náà. "Ìdáhùn yìí kò tọ́" yàtọ̀ sí "olórí kunkun ni ọ́." Ọmọ lè fi rọ́bà pa ti ìṣáájú rẹ́, kò sí rọ́bà tí ń pa ti èkejì rẹ́. Èkejì, kí á tó sọ ohun tí kò dára, ẹ jẹ́ kí á wá ohun kan tí ó dára lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan péré ni ó gún régé nínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí ìbáwí bá le, ẹ jẹ́ kí á pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ìtìjú ní ojú ẹgbẹ́ ń dí etí. Ẹ̀kẹrin, bí ìyá kan bá wá ṣàlàyé ìdí tí ọmọ rẹ̀ kò fi wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí á kí i, kí á fún un ní ìjókòó, kí á sì gbọ́ ọ tán kí á tó fèsì. Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ẹ̀gàn kankan kọjá nínú kíláàsì yín láì dá a dúró; ibẹ̀ ni ìwà pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ le.

Olúwa fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ líle sí àwọn Farisí. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ alágbára tí ń di ẹrù wúwo lé àwọn ẹlòmíràn lórí; kì í ṣe ọmọdé tí ó dìde láti kàwé. Bí a bá ní láti sọ̀rọ̀ líle, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè bóyá ẹni tí ó wà ní iwájú wa ju wá lọ tàbí ó kéré sí wa. Ní ti ọmọ, àwọn àgbà ti sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún nà án, a ó fi tòsì fà á mọ́ra.

Láìpẹ́, a ó tú wa ká lọ sí oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn nínú wa yóò sì gba Ìgbókọ̀dá kọjá wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ó bá níbẹ̀ kò ní bá onígbàgbọ́ mìíràn sọ̀rọ̀ ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ bí wọn yóò ti bá wa sọ. Kí wọ́n tó mọ ohun tí ó wà nínú Bíbélì wa, wọn yóò ti mọ ohun tí ó wà lẹ́nu wa.